Aṣọ Funfun Lẹ́nu Bùlówà

Màámi kì í bẹ̀rù ejò, wọn kì í bẹ̀rù olè, ṣùgbọ́n kí ojú ọ̀run ṣáà ti ṣú lóṣù Keje, ara wọn kò ní balẹ̀ mọ́. Wọn á wo òkè, wọn á wo ojúde, wọn á tún wo òkè. Bí ẹ bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà náà, ẹ kàn ń fi ẹnu yín ṣòfò ni. Kì í ṣe ààrá ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Àgbàdo tí wọ́n sá síta ni.

Abúlé wa wà lẹ́yìn Ìjàyè, lójú ọ̀nà oko kan tí àwọn awakọ̀ máa ń bú kí wọ́n tó gbà á. Ibẹ̀ ni bàbá wa sùn sí, ibẹ̀ náà ni màámi ti ń dáko títí di òní yìí: iṣu díẹ̀, ẹ̀gẹ́ díẹ̀, àgbàdo rẹpẹtẹ. Àgbàdo òjò, èyí tí a máa ń kó láàárín òjò gan-an, ni olórí wàhálà wọn. Tí wọ́n bá ti yin ín kúrò lára ṣúkù, oòrùn ló yẹ kó bá a, oòrùn ọ̀hún ló sì máa ń fara pamọ́ lásìkò náà. Àgbàdo tútù tí a bá kó jọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Á gbóná lábẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, á hu funfun, á bu. Nítorí náà, gbogbo abúlé ló máa ń sá tiwọn sójúde àti sétí títì. Ewúrẹ́ á jẹ nínú rẹ̀, ọ̀kadà á gùn ún kọjá, òkúta wẹ́wẹ́ á sì bá a wọ inú àpò. Bí òjò bá wá kù, ẹ óò rí àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ń tọ̀pá láàárọ̀, tí wọ́n á máa sáré bí ọmọge lọ́sàn-án.

Inú irú eré bẹ́ẹ̀ ni màámi ti ṣubú. Ẹrẹ̀ yọ̀ wọ́n, orúnkún wọn wú, wọ́n sì tún dúró síbẹ̀ nínú òjò, wọ́n ń gbá àgbàdo jọ. Ibà kó wọn mọ́lẹ̀. Àgbàdo náà bu lọ́nà kan ṣá. Nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dé láti Ìbàdàn, orí ẹní la bá wọn, àgbàdo tó ti bàjẹ́ wà ní igun yàrá, wọn ò sì jẹ́ ká dà á nù.

Iṣẹ́ ìjọba ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe. Kì í pariwo. Bí inú bá bí i, ohùn rẹ̀ ló máa ń lọ sílẹ̀. Ó jókòó tì wọ́n, ó ní, "Màámi, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ ó bá wa lọ sí Ìbàdàn. Yàrá wà nílé àbúrò mi yìí, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán wà níbẹ̀. Ẹ ò ní sáré òjò mọ́."

Wọ́n yíjú sí ògiri, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo mọ ẹ̀yìn yẹn. Òun náà ni wọ́n kọ sí wa lọ́jọ́ tí a sin bàbá wa.

Kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ, mo ti sọ ọ́. Ẹnu mi máa ń ṣáájú mi débi gbogbo. "Tí àgbàdo bá gbẹ láìsí pé ẹnikẹ́ni sáré ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. "Ta ló fẹ́ lọ bá oòrùn sọ̀rọ̀? Ìwọ?"

"Mi ò ní bá oòrùn sọ nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ ni n óò bá sọ̀rọ̀."

Iṣẹ́ mi kúkú nìyẹn. Ilé ìwádìí kan ní Ìbàdàn ni èmi àti ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń gbẹ irúgbìn tí a sì ń tọ́jú rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ìró bùlówà, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, débi pé tí ó bá dákẹ́, etí mi á máa wá a. Ó sì ti pẹ́ tó ti ń dùn mí pé ohun tí mò ń fi gbẹ irúgbìn àwọn ẹlòmíràn, ìyá tó bí mi kò rí i lò.

Ibẹ̀ la ti ṣàdéhùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí àgbàdo òjò tó ń bọ̀ bá ti wọlé tán, òun óò gbé píkọ̀ọ̀pù wá lọ́jọ́ Sátidé kan. Bí àgbàdo bá gbẹ, tó sì dára, àgbàdo ni píkọ̀ọ̀pù náà óò kó lọ sí ọjà Ṣáṣá, òun ò sì ní dárúkọ Ìbàdàn fún màámi mọ́ láé. Bí ó bá tún bu, ẹrù màámi ni yóò kó, ilé mi ni yóò sì já a sí. Màámi yíjú kúrò lára ògiri. Wọ́n wo ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Mo gbà." Màámi kì í yẹ àdéhùn. Ohun tó bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Bí oṣù Karùn-ún ọdún kejì ti ń parí lọ ni èmi àti ọkọ mi kó irin, páákó àti bùlówà dé abúlé. Mùsùlùmí ni ọkọ mi, ọmọ aládùúrà lèmi, àwọn ará abúlé sì máa ń fi èyí yọ wá lẹ́nu. Wọ́n ní nílé tiwa, ẹni tí kò gbààwẹ̀ ló ń dáná sààrì fún ẹni tó ń gbà á. Lọ́jọ́ yẹn, ìṣó kọ̀ọ̀kan tí ọkọ mi bá fẹ́ kàn, á ní "Bísímílà", màámi á sì dáhùn "Àmín" láti ìdí ààrò. Mi ò rò pé páákó kankan ti gba àdúrà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lábẹ́ àtíbàbà páànù tó wà lẹ́yìn ilé la kan àpótí ńlá kan sí, ó ga dé àyà mi. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Irin oníhò wẹ́wẹ́ la fi ṣe é, ihò tí hóró àgbàdo kò lè gbà já, a sì fi àyè tó ṣófo sílẹ̀ lábẹ́ irin náà. Inú àyè yẹn la ki ẹnu iwájú bùlówà bọ̀. Bùlówà fúnra rẹ̀ rí bí ìgbín, ìgbín onírin tó tóbi ju orí màlúù lọ. Ihò róbótó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu gbọọrọ kan sì yọ síwájú. Ẹńjínì kékeré tó ń mu bẹntiróòlù ló ń yí i, bẹ́líìtì ló so àwọn méjèèjì pọ̀.

Màámi yí i po, wọ́n fi ìka kàn án. "Fáànù ni?"

"Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, Màámi, àmọ́ ìwà wọn ò jọra. Bí ẹ bá fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara yín, ibo ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń lọ?"

"Ibi gbogbo."

"Fáànù nìyẹn. Bí ẹ bá wá ká ètè jọ, tí ẹ fẹ́ná ńkọ́?"

Wọ́n ká ètè jọ, wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ lù mí lójú. Ọkọ mi ju òòlù sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bùlówà nìyẹn," mo ní, mò ń nu ojú. "Afẹ́fẹ́ fáànù, bó bá kan òkìtì àgbàdo, á ṣẹ́rí padà ni. Ti bùlówà ní ipá lẹ́yìn. Á ti ara rẹ̀ gba àárín hóró kan sí èkejì títí táá fi yọ lókè. Bó bá sì ti ń kọjá, á máa gbé omi ara àgbàdo lọ."

Wọ́n fẹ́ mọ ibi tó ti ń rí afẹ́fẹ́ náà. Ìbéèrè gidi ni, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé inú irin ló ti ń dá a. Mo yọ bẹ́líìtì, mo ní kí wọ́n yọjú wo inú ihò róbótó náà. Kẹ̀kẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n to irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ yí ká. Bí kẹ̀kẹ́ náà bá ń yí kíkankíkan, á máa ju afẹ́fẹ́ àárín rẹ̀ sí etí, bí a ti ń gbọn omi dànù lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ tó jù sétí á fún pọ̀ sínú ikùn ìgbín, kò sì ní ọ̀nà mìíràn ju ẹnu iwájú lọ, ibẹ̀ ni yóò gbà jáde tagbáratagbára. Àárín kẹ̀kẹ́ á wá ṣófo, afẹ́fẹ́ ìta á sì rọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ láti gba àyè náà. Bó ti ń tì í jáde níhìn-ín ló ń fà á wọlé lọ́hùn-ún. Bí kò bá rí fà, kò lè rí tì.

"Ẹnu rẹ̀ nìyí o," mo ní, mo nawọ́ sí ihò róbótó náà. "Ibí ló ti ń mí. Ohunkóhun ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ì báà ṣe ewé, ì báà ṣe ìyẹ́ adìẹ." Mo fi àwọ̀n irin bò ó, mo sì so ó pinpin.

"Ohunkóhun ò gbọdọ̀ wọ ẹnu rẹ̀," màámi tún un sọ, bí ẹni tó ń kọ́ ẹsẹ Bíbélì sórí.

A dá bẹ́líìtì padà, a sì tan án wò. Afẹ́fẹ́ tú jáde láti inú irin oníhò náà, ó gbé ìborí màámi kúrò lórí wọn, ó sì jù ú sórí igi ìbẹ́pẹ. Inú wọn dùn débi pé wọ́n ní ká tún tan án lẹ́ẹ̀kan sí i. A padà sí Ìbàdàn pẹ̀lú ìdùnnú, èmi sì ti ń rí àgbàdo gbígbẹ lójú oorun.

Ó di ìgbà tí àgbàdo gbó. Wọ́n ṣẹ́ ẹ, wọ́n bó o, wọ́n yin ín, wọ́n sì dà á sínú àpótí. Lọ́jọ́ kan tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, màámi pè mí lórí fóònù. Ohùn wọn tutù pẹ̀sẹ̀.

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ rẹ ń ké o, àmọ́ kò fẹ́."

"Kò fẹ́ báwo, Màámi?"

"Kò fẹ́ náà ni. A gbọ́wọ́ lé àgbàdo lókè, a ò gbọ́ kiní kan. Má ṣèyọnu o. Bó o bá ráyè, kó o yọjú."

Píkọ̀ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo wọkọ̀ gba Mọ́níyà dé Ìjàyè, mo sì gun ọ̀kadà wọ oko. Láti ojú ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ẹńjínì náà. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń kọrin geerege. Ẹlòmíràn á ní ara rẹ̀ le. Àyà mi já. Bùlówà tó bá ń ṣiṣẹ́, ohùn rẹ̀ máa ń ki ni, nítorí ẹńjínì ń gbé ẹrù afẹ́fẹ́. Èyí tó ń kọrin tín-ín-rín báyẹn, kò rí ẹrù gbé ni.

Ojúde kún. Bàbá olórí ìjọ aládùúrà abúlé wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá ẹgbẹ́ mélòó kan, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun, wọ́n ti ń gbàdúrà sí ẹ̀rọ náà láti àárọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn ní kánmọ́kánmọ́, mo sì ki ọwọ́ bọ àgbàdo títí dé ìgúnpá. Ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nísàlẹ̀. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀: kò tíì rùn. Àyè ṣì wà, àmọ́ kò pọ̀. Mo wo bẹ́líìtì, ó le. Mo wo ibi tí ẹnu iwájú ti wọ abẹ́ àpótí, kò jò. Mò ń kùn, mò ń bú ẹni tó ta ẹńjínì fún wa, díẹ̀ ló kù kí n bú ọkọ mi tí kò sí níbẹ̀. Ìgbà tí mo yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, èyí tó kọjú sí ògiri, ni mo tó rí i.

Aṣọ funfun kan, tó mọ́ nini, ni wọ́n fi bo ẹnu bùlówà náà lórí àwọ̀n mi. Wọ́n fi okùn so ó yí ká, okùn náà le dan-in. Ẹ̀rọ ti fa aṣọ náà wọnú, ó rí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń fa ọsàn mu.

"Ta ló dì í lẹ́nu?"

Gbogbo wọn yíjú sí bàbá olórí ìjọ.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ní abúlé wa, ohun tuntun kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìgba àdúrà. Ọ̀kadà, ẹ̀rọ ìlọta, kànga, gbogbo rẹ̀ ni ìjọ máa ń wá yà sí mímọ́. Wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á so aṣọ funfun mọ́ ọn, aṣọ náà kì í sì í kúrò níbẹ̀ títí di ọjọ́ ìsinmi tó bá tẹ̀ lé e. Inú rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wà lára ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n fi rán aṣọ ilé ìwé mi àkọ́kọ́. Mo kàn gbàgbé pé ohun tuntun ni bùlówà, nítorí lójú tèmi, ohun àtijọ́ ni.

Bàbá olórí ìjọ sún síwájú. Àgbàlagbà kan ni wọ́n tí ojú wọn máa ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu wọn tó rẹ́rìn-ín. "Àwa ni, ọmọ mi. A bi màámi rẹ léèrè ojú ẹ̀rọ yìí, ká lè mọ ibi tí a óò so aṣọ mọ́. Wọ́n ní àwọn ò mọ ojú rẹ̀, àmọ́ ẹnu rẹ̀ nìyí, o sì ti ní ohunkóhun ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀."

"Mo ti bò ó, Bàbá! Àwọ̀n wà níbẹ̀!"

"Àwọ̀n?" Màámi gba ọ̀rọ̀ náà. "Àwọ̀n tó kún fún ihò? Kí ló fẹ́ dá dúró? Aṣọ ò wá sàn ju àwọ̀n lọ ni?"

"A sì gbàdúrà sí i dáadáa," ni bàbá wí. "A ní kí ẹ̀fúùfù burúkú má ráyè wọ inú rẹ̀."

"Àdúrà yín gbà, Bàbá. Ẹ̀fúùfù burúkú ò ráyè wọlé. Ẹ̀fúùfù rere náà ò ráyè."

Mo fẹ́ bínú. Mo ti ń múra ìbínú náà bọ̀ láti Mọ́níyà. Ṣùgbọ́n ojú bàbá rẹ́rìn-ín, ẹnu wọn tẹ̀ lé e, ìyá ẹgbẹ́ kan bú sẹ́rìn-ín tó fi di ògiri mú, èmi náà sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ mi, mò ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

Màámi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi ò tíì pé. Wọ́n na ọwọ́ sí okùn aṣọ náà, wọ́n tún ká ọwọ́ kò. Bí a bá tú u, wọ́n á rò pé àdúrà ti já. Bí a kò bá tú u, àgbàdo á bu, oko á sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo rí i lójú wọn, ẹ̀rín sì dá lẹ́nu mi. Bàbá olórí ìjọ náà rí i.

"Ìyá," wọ́n ní jẹ́jẹ́, "iṣẹ́ yìí la yà sí mímọ́. A ò ya ihò sí mímọ́. Ibi yòówù tí aṣọ bá ti wà lára iṣẹ́ náà, ó ti dára."

Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tú okùn náà. Wọ́n gbé aṣọ funfun náà wá síwájú, wọ́n tẹ́ ẹ sórí àgbàdo nínú àpótí, wọ́n sì ní kí n máa ṣe tèmi.

Mo fa ẹńjínì. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ ga, lẹ́yìn náà ló lọ sílẹ̀, ó ki. Mo mọ ohùn yẹn. Gbogbo wa tẹjú mọ́ aṣọ. Kò mira. Màámi di ẹ̀gbẹ́ ìró wọn mú. Igun kan aṣọ náà gbé sókè díẹ̀, ó padà sílẹ̀. Igun kejì gbé. Lẹ́yìn náà ni àárín rẹ̀ wú, aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí àgbàdo, òórùn àgbàdo tútù sì kún abẹ́ àtíbàbà, nítorí afẹ́fẹ́ ti ń gbé omi jáde láti ìsàlẹ̀. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan dá orin, àwọn yòókù gbè é, màámi sì ń fi ẹsẹ̀ kan jó, èyí tí orúnkún rẹ̀ kò dùn wọ́n.

Mo dúró tì wọ́n fún ìyókù ọ̀sẹ̀ náà. Mo kọ́ wọn nígbà tó yẹ kí wọ́n máa tan án. Afẹ́fẹ́ tó ti kún fún omi kò lè gba púpọ̀ mọ́ra, nítorí náà ọ̀sán, tí oòrùn bá yọjú díẹ̀, ni iṣẹ́ gidi máa ń wáyé. Ṣùgbọ́n bí òjò bá tiẹ̀ ń rọ̀, kí wọ́n máa tan án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí àgbàdo má bàa gbóná. Àgbàdo tí kò gbóná kì í tètè bu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ńlá ṣú. Ó kù, gbogbo abúlé bẹ̀rẹ̀ eré. Lẹ́ẹ̀kan náà ni màámi dìde, wọ́n ti ṣán ìró, ẹsẹ̀ kan ti bọ́ síta kí wọ́n tó rántí. Wọ́n dúró. Wọ́n bojú wẹ̀yìn wo àpótí lábẹ́ páànù. Wọ́n rọra padà wá jókòó sórí àga wọn. Òjò dà, ó ń dún lórí páànù, wọ́n ń wò ó. Wọ́n fa abọ́ ẹ̀pà sísè mọ́ra, wọ́n ń bó o, wọ́n ń jẹ ẹ́.

"Òjò yìí mà dára o," wọ́n ní.

Mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n ní ìyá. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n má bàa rí omi lójú mi. Ayọ̀ ni, kò sí ohun mìíràn níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn wá. Ewúrẹ́ abúlé ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ayé ti yí padà, nítorí wọ́n máa ń dúró lẹ́bàá àpótí, wọ́n á na ọrùn, wọn ò ní rí nǹkan kan jẹ. Àgbàdo tó jáde níbẹ̀ kò ní òkúta, kò ní ìgbẹ́ adìẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbẹ bí òkè rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì ń dán. Mo kìlọ̀ fún àwọn aládùúgbò pé bùlówà kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, àmọ́ etí wọn ò sí lọ́dọ̀ mi. Bí a bá yọ ẹnu iwájú kúrò lábẹ́ àpótí, wọ́n á gbé igbá ẹ̀wà wá, wọ́n á máa dà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níwájú rẹ̀: ẹ̀wà á bọ́ sórí ẹní, èèpo á fò lọ sínú igbó. Ìyá kan tó ń dín gààrí ní kí n wá bá òun ki ẹnu iwájú rẹ̀ bọ ààrò, nítorí èéfín ti fọ́ òun lójú, ó sì tọ̀nà, iná tó bá rí afẹ́fẹ́ tó kì í rú èéfín. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́ kí àgbàdo gbẹ ná. Àwa tí a ń fi ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kì í yọ̀ mọ́ ọn. Mo kọ́ ayọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ọjọ́ ìsinmi pé, wọ́n mú aṣọ funfun náà kúrò lórí àgbàdo, wọ́n sì ká a pamọ́. Nígbà tí Sátidé ẹ̀gbọ́n mi wá pé, mo ti wà ní abúlé ṣáájú rẹ̀. Ó gbé píkọ̀ọ̀pù dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún màámi, kò sì béèrè nǹkan kan. Ó lọ tààrà sí ìdí àpótí, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìsàlẹ̀, ó sì bu àgbàdo jáde. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó dà á láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, ó ń dún ṣaaṣaa. Ó ju hóró kan sẹ́nu.

Gbogbo wa ló gbọ́ ọ: kọ́!

Ó lọ bu òmíràn ní igun kejì, ó gé e jẹ, ìyẹn náà dún. Màámi ò wo àgbàdo. Àgbọ̀n ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń wò.

"Màámi," ó ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Inú mi ti fẹ́ bàjẹ́ kí n tó gbọ́ ìyókù. "Ó gbẹ."

Mo kígbe. Àwọn aládùúgbò kígbe. Ọkọ mi, tó ti ń di ẹnu àpò ní tirẹ̀, ní "Alihamudulilahi", bàbá olórí ìjọ sì dáhùn "Halelúyà" láti òdìkejì ojúde, bí ẹni pé àwọn méjèèjì ti jọ ṣètò rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í kó àpò sínú píkọ̀ọ̀pù.

Okùn ni ẹ̀gbọ́n mi wọ yàrá lọ wá. Ó pẹ́ níbẹ̀, mo bá tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló dúró sí, ó ń wo àpótí aṣọ màámi àtijọ́, èyí tí wọ́n gbé wá sílé ọkọ. Wọ́n ti fi okùn dì í tọwọ́ tẹsẹ̀, bí ẹrù ẹni tó ń lọ ìrìn àjò. Ó gbìyànjú láti gbé e, kò lè gbé e.

Màámi dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ fi sílẹ̀. N óò tú u fúnra mi."

"Ìgbà wo lẹ dì í, Màámi?"

"Ọjọ́ tí ẹ̀rọ kò fẹ́. Mo ti dì í tán kí n tó pe àbúrò rẹ. Ṣèbí mo ní mo gbà."

Mo rántí ohùn wọn tó tutù pẹ̀sẹ̀ lórí fóònù, tí wọ́n ní kí n má ṣèyọnu.

"Ọjọ́ yẹn kọjá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kí ló dé tí ẹ ò tú u?"

"Mo fẹ́ kí eyín rẹ jẹ́rìí ná."

Ó kúnlẹ̀, ó tú okùn náà, ó ṣí ìdérí. Ìró kan ló wà lókè, pẹ̀lú aṣọ àdúrà kan àti Bíbélì. Gbogbo ìyókù kì í ṣe aṣọ. Àdá wà níbẹ̀. Ọkọ́ wọn méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n yọ kúrò lára igi. Ìdì àgbàdo irúgbìn tó ṣì wà nínú háhá rẹ̀ ló kún ìsàlẹ̀, èyí tó tóbi jù tí wọ́n ṣà lọ́tọ̀.

"Màámi, Ìbàdàn lẹ fẹ́ kó eléyìí lọ?"

"Ẹ rò pé mo fẹ́ wá máa wo amóhùnmáwòrán ni? Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé àbúrò rẹ yẹn, koríko ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀. Koríko! Wọ́n á tún wá máa gé e."

Ẹ̀rín pa mí, omijé sì ń bọ́ lójú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Ó mú ọkọ́ kan nínú àpótí náà, ó dìde, ó wo igun yàrá. Èrúkọ́ náà wà níbi tó máa ń wà láti kékeré wa, ó fara ti ògiri, gbogbo ibi tí ọwọ́ màámi máa ń dì mú lára rẹ̀ ti ń dán. Ó ki ọkọ́ bọ̀ ọ́, ó gbá a mọ́lẹ̀ títí tó fi le, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn.

"Àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn ti tó gbìn," ó ní.

Màámi gba ọkọ́ wọn. Wọ́n yin irúgbìn díẹ̀ sí etí ìró, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé jáde, wọ́n sì fi àwa àti píkọ̀ọ̀pù sílẹ̀ lọ sí oko.